Ìhìnrere Tọ́másì, Ìhìnrere Júdásì: ṣé lóòótọ́ ni wọ́n yọ ìwé kúrò nínú Bíbélì?

Tí ọdún Àjíǹde bá ti ń sún mọ́lé, fídíò kan máa ń yọ jáde láti ibi tó sá pamọ́ sí, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kiri lórí WhatsApp. Àkọlé rẹ̀ lè yí padà, ohùn tó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ lè yí padà, àmọ́ ọ̀rọ̀ ibẹ̀ kì í yẹ̀: pé ní ọdún 325, Ọba Constantine ti Róòmù kó àwọn bíṣọ́ọ̀bù jọ sí ìlú Nicaea, wọ́n ṣa ìwé tó wù wọ́n, wọ́n sì dáná sun èyí tí wọn ò fẹ́ ká kà. Wọ́n á dárúkọ Tọ́másì, wọ́n á dárúkọ Màríà Magidalénì, wọ́n á dárúkọ Júdásì. Kó tó di alẹ́, ìjà ti wọ inú gúrúùpù ẹbí. Ẹnì kan á ní "ẹ̀jẹ̀ Jésù!", ẹnì kejì á ní àwọn pásítọ̀ ló ń fi nǹkan pamọ́ fún wa, ẹnì kẹta á fi Ìwé Énọ́kù kún un, ọ̀rọ̀ á wá dà rú mọ́ gbogbo wọn lọ́wọ́.

Ìjà kan wà lóòótọ́. Àmọ́ ààfin ọba kọ́ ló ti bẹ̀rẹ̀, ọdún tí fídíò náà ń pè kọ́ ló sì gbóná jù. Ó ti le gan-an ní nǹkan bí 150 ọdún ṣáájú ìpàdé Nicaea, nígbà tí ìjọ ò ní ọlọ́pàá, tí ò ní ṣọ́jà, táwọn aṣáájú rẹ̀ fúnra wọn ń kú sẹ́wọ̀n. Ohun tí wọ́n sì ń jà lé lórí ju ìwé lọ. Ta ló dá ayé yìí? Ṣé ẹni rere ni? Ara tá a gbé wọ̀ yìí ńkọ́, ṣé ẹ̀bùn ni àbí ẹ̀wọ̀n?

Ta ni wọ́n ń pè ní Gnostic?

Látinú gnosis, ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan, ni orúkọ yìí ti wá. Ìmọ̀ ni gnosis. Kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń kọ́ ní kíláàsì o. Ìmọ̀ tó ń la ojú inú ni, tó ń jẹ́ kéèyàn mọ ibi tóun ti ṣẹ̀ wá, ohun tó gbé òun dé ayé, àti ọ̀nà tóun máa gbà padà sílé. Ẹni tó bá ti ní in ti rí ìgbàlà. Ẹni tí kò ní in ṣì ń sùn.

Kì í ṣe ìjọ kan ṣoṣo tó ní olú ilé àti alága. Basilides ń kọ́ àwọn tiẹ̀ ní Alexandria ní Íjíbítì. Valentinus, tí òun náà kẹ́kọ̀ọ́ ní Alexandria, kó lọ sí Róòmù ní nǹkan bí ọdún 140. Ó lókìkí níbẹ̀ débi pé Tertullian ará Carthage kọ ọ́ lẹ́yìn náà pé ipò bíṣọ́ọ̀bù ló ń fojú sọ́nà fún, àfìgbà tí wọ́n gbé e fún ẹlòmíràn. Àwọn míì tún wà táwọn onímọ̀ òde òní ń pè ní ọmọ Sẹ́ẹ̀tì, torí pé àtọmọdọ́mọ Sẹ́ẹ̀tì ọmọ Ádámù ni wọ́n ka ara wọn sí. Ẹ̀kọ́ wọn ò bára mu délẹ̀. Irenaeus, bíṣọ́ọ̀bù kan tó kọ ìwé tako wọn, sọ pé àwọn kan nínú wọn ń pe ara wọn ní Gnostic, àmọ́ Gnosticism, orúkọ tá a fi ń kó gbogbo wọn sínú àpò kan ṣoṣo, ọdún 1669 ni Henry More, ọ̀mọ̀wé ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, dá a sílẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ wọn nira ni pé ọ̀pọ̀ wọn ò pe ara wọn ní nǹkan míì ju Kristẹni lọ. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn Valentinus ń jókòó sáàárín ìjọ bíi ti gbogbo èèyàn. Wọ́n ń ka Pọ́ọ̀lù, wọ́n ń ka Jòhánù, wọ́n ń ṣe ìrìbọmi. Irenaeus, tá a máa kàn láìpẹ́, ráhùn pé ọ̀rọ̀ ẹnu wọn jọ tiwa, èrò tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ni kò jọ ọ́.

Kí ni wọ́n ń kọ́ àwọn èèyàn gan-an?

Tá a bá gbọ́ ọ láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ Valentinus, báyìí ni ìtàn náà lọ. Ọlọ́run tòótọ́ kan wà lókè lọ́hùn-ún, tí ojú ò tó, tí ẹnu ò lè ròyìn. Láti ara rẹ̀ làwọn ẹ̀dá ẹ̀mí kan ti ń jáde ní méjì-méjì, títí wọ́n fi pé 30. Aeon ni wọ́n ń pè wọ́n. Ibi tí gbogbo wọn ń gbé ń jẹ́ Pleroma, ìyẹn Ẹ̀kúnrẹ́rẹ́. Èyí tó kéré jù nínú wọn, Sófíà, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ Ọgbọ́n, na ọwọ́ kọjá ibi tí ọwọ́ rẹ̀ tó: ó fẹ́ mọ Baba tí ẹnikẹ́ni ò lè mọ̀ tán. Nínú ìdààmú àti omijé rẹ̀ ni èròjà tí wọ́n fi mọ ayé yìí ti wá. Ibẹ̀ náà ni oníṣẹ́-ọnà kan ti yọ, tí Gíríìkì ń pè ní demiurge, òun ló sì mọ òfuurufú tí à ń wò àti ilẹ̀ tí à ń tẹ̀. Kò mọ̀ pé ẹnì kan wà lókè òun.

Àwọn ọmọ Sẹ́ẹ̀tì ń pe oníṣẹ́-ọnà yìí ní Yaldabaoth, tiwọn sì korò ju ti Valentinus lọ. Nínú Ìwé Àṣírí Jòhánù, ó sọ fáàrí pé òun ni Ọlọ́run, kò sí ẹlòmíràn lẹ́yìn òun. Ẹni tó bá ka ìwé Àìsáyà mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wá: Ọlọ́run Ísírẹ́lì ló ń sọ ọ́ níbẹ̀. Iṣẹ́ tí òǹkọ̀wé náà ṣe nìyẹn. Ọ̀rọ̀ táwọn Júù fi ń yin Ẹlẹ́dàá ló mú, ó sọ ọ́ di yànga ẹni tí kò mọ̀kan.

Wọ́n ní iná kékeré kan láti òkè há sínú àwọn èèyàn kan, bí ẹyẹ ṣe ń há sínú pańpẹ́. Olùgbàlà wá láti jí wọn lójú oorun, kò wá torí ẹran ara. Àwọn ọmọ Valentinus wá pín ọmọ aráyé sí mẹ́ta. Àwọn ẹlẹ́mìí nìyí, tí ìgbàlà wọn ti dájú. Àwọn ọlọ́kàn tẹ̀ lé wọn, ìyẹn àwọn ọmọ ìjọ lásán tó ń fi ìgbàgbọ́ àti iṣẹ́ rere tiraka. Àwọn ẹlẹ́rùpẹ̀ ló kẹ́yìn, àwọn yẹn ò sì ní ìpín kankan. Ẹ wo bó ṣe máa rí lára màmá kan tí kì í pa ìpàdé jẹ, tí wọ́n wá sọ fún un pé ìpele kejì ló wà, kò sì lè kọjá ibẹ̀.

Tí ara bá wá jẹ́ ẹ̀wọ̀n, ṣé Olùgbàlà á gbé ẹ̀wọ̀n wọ̀? Àwọn kan ní rárá, ó kàn jọ bíi pé Ó ní ara ni. Gẹ́gẹ́ bí Irenaeus ṣe ròyìn rẹ̀, Basilides kọ́ni pé Símónì ará Kírénè ni wọ́n kàn mọ́ àgbélébùú, Jésù sì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, Ó ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Cerinthus, olùkọ́ míì, ní tiẹ̀ sọ pé Jésù èèyàn ni, pé Kristi bà lé E nígbà ìrìbọmi, Ó sì fò lọ kí ìyà tó dé.

Kí ló dé táwọn èèyàn fi gbà á?

Ìbéèrè tó gbé wọn débẹ̀ kì í ṣe ìbéèrè òpè. Tí Ẹlẹ́dàá bá dára, kí ló dé táyé rí báyìí? Plato ti sọ̀rọ̀ oníṣẹ́-ọnà tó mọ ayé ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ṣáájú, àwọn ọ̀mọ̀wé Alexandria sì ti mọ ọ́n dáadáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni rere ni oníṣẹ́-ọnà ti Plato. Ogun inú Májẹ̀mú Láéláé ń da àwọn míì láàmú. Lẹ́yìn náà, kò tíì sí Májẹ̀mú Tuntun nínú ìdìpọ̀ kan táwọn èèyàn lè gbé lọ́wọ́. Ìjọ kan lè ní Màtíù àti lẹ́tà Pọ́ọ̀lù mélòó kan, kí èkejì má ní ju Lúùkù lọ.

Ọ̀rọ̀ Marcion fi èyí hàn. Ará Sinope ni, létí Òkun Dúdú, ọkọ̀ ojú omi ló fi ń ṣòwò. Nígbà tó dé Róòmù, ó fún ìjọ ibẹ̀ ní 200,000 sesterce, owó ńlá gbáà. Ó wá ń kọ́ni pé Ọlọ́run méjì ló wà: ọ̀kan ni Ẹlẹ́dàá tó ń ṣèdájọ́, tó wà nínú ìwé àwọn Júù, èkejì sì ni Baba Jésù, tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí kó tó rán Jésù wá. Ní 144, ìjọ lé e jáde, wọ́n sì dá owó rẹ̀ padà fún un. Marcion kì í ṣe Gnostic tààrà: kò sí 30 aeon nínú tiẹ̀, kò sì sí ìmọ̀ awo. Àmọ́ nítorí Ọlọ́run méjì yìí ni wọ́n ṣe máa ń kà á mọ́ wọn. Òun náà ni ẹni àkọ́kọ́ tá a mọ̀ tó to àkójọ ìwé Kristẹni tó sì ti ìlẹ̀kùn rẹ̀: Lúùkù kan ṣoṣo, tó ti gé níbi tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, àti lẹ́tà Pọ́ọ̀lù mẹ́wàá. Ẹni táwọn bíṣọ́ọ̀bù lé ló kọ́kọ́ yọ ìwé. Àwọn tó ń ṣe fídíò kì í sábà dé ibí yìí.

Ta ló kọ́kọ́ figbe ta?

Igbe náà ti wà nínú Májẹ̀mú Tuntun fúnra rẹ̀. Lẹ́tà Kìíní Jòhánù ní ẹ̀mí tí kò bá jẹ́wọ́ pé Jésù Kristi wá nínú ara kì í ṣe ti Ọlọ́run. Lẹ́tà Kìíní sí Tímótì kìlọ̀ nípa ohun tí wọ́n ń fi èké pè ní ìmọ̀. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé irú ìtàn Valentinus kò tíì délẹ̀ nígbà yẹn, pé gbòǹgbò rẹ̀ nìkan ló ti ń ta.

Lẹ́yìn náà ni Ignatius, bíṣọ́ọ̀bù Áńtíókù, tí wọ́n ń mú lọ sí Róòmù níbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kejì kí ẹranko lè pa á jẹ. Ẹ̀wọ̀n wà lọ́rùn rẹ̀, ṣọ́jà mẹ́wàá tó pè ní àmọ̀tẹ́kùn ń ṣọ́ ọ, síbẹ̀ ó ń kọ lẹ́tà lójú ọ̀nà. Èsì tó fún àwọn tó ní Jésù kàn ń díbọ́n jìyà ni kò ṣeé gbàgbé. Ó bi wọ́n pé, tó bá jẹ́ pé ó kàn jọ bíi pé Ó jìyà ni, kí ni wọ́n wá dè mí fún? Kí ni mo ń wá tí mo fi fẹ́ bá ẹranko jà?

Polycarp, bíṣọ́ọ̀bù Símínà, pàdé Marcion lójúkojú. Marcion bi í bóyá ó dá òun mọ̀. Polycarp ní, "Mo dá ọ mọ̀, àkọ́bí Sátánì." Irenaeus ló ròyìn èyí. Òun náà ló sọ ìtàn pé Jòhánù wọ ilé ìwẹ̀ ní Éfésù, ó rí Cerinthus nínú ibẹ̀, ló bá sá jáde láìwẹ̀, ó ní káwọn tètè kúrò kí ilé má baà wó lé àwọn lórí.

Kí ni Irenaeus ṣe gan-an?

Ó dàgbà ní Símínà, tó wà ní Tọ́kì òde òní tí wọ́n ń pè ní Izmir, ó sì gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu Polycarp nígbà tó wà ní ọmọdé. Nígbà tó yá ó di àlùfáà ní Lyon, ní Faransé ìsinsìnyí. Ní 177, ìnúnibíni jà níbẹ̀. Wọ́n lu Pothinus, bíṣọ́ọ̀bù wọn tó ti lé ní 90 ọdún, ó sì kú sẹ́wọ̀n. Wọ́n ju Blandina, ẹrúbìnrin kan, sáàárín ẹranko níwájú èrò ìwòran. Irenaeus ò sí nílé. Wọ́n ti fi lẹ́tà rán an sí Eleutherus, bíṣọ́ọ̀bù Róòmù. Ìgbà tó padà dé ni wọ́n fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù ìjọ tó ṣẹ́ kù.

Ọ̀rọ̀ àwọn Gnostic ti dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ nígbà yẹn. Ó kọ ọ́ pé àwọn ọmọ ẹ̀yìn ẹnì kan tó ń jẹ́ Marcus ń rìn kiri lágbègbè odò Rhône, wọ́n sì ń tan àwọn obìnrin. Marcus yìí máa ń gbàdúrà gígùn lórí ife wáìnì títí ife náà á fi pọ́n, á ní ẹ̀jẹ̀ Oore-ọ̀fẹ́ ló sọ̀ kalẹ̀ sínú rẹ̀. Ọ̀kan tún wà tó dùn ún ju èyí lọ. Florinus, tí àwọn méjèèjì jọ mọ ara wọn lọ́dọ̀ Polycarp, ti di àlùfáà ní Róòmù, ó sì ti bọ́ sínú ẹ̀kọ́ Valentinus. Irenaeus kọ lẹ́tà sí i. Kò fi èébú ṣáájú. Ó rán an létí pé òun ṣì lè fọwọ́ sọ ibi tí Polycarp máa ń jókòó sí tó bá ń sọ̀rọ̀, bó ṣe ń wọlé àti bó ṣe ń jáde, ìrísí rẹ̀, àti bó ṣe ń ròyìn àwọn tó fojú rí Olúwa. Ó ní ohun tóun rí lọ́mọdé ṣe kedere sí òun ju ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀ lọ.

Ní nǹkan bí ọdún 180, ó kọ ìwé márùn-ún tako wọn lédè Gíríìkì. Èyí àkọ́kọ́ ò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àríyànjiyàn. Ìtàn àwọn Gnostic ló kó kalẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, torí ó gbà pé ẹ̀kọ́ abẹ́ aṣọ, tí èèyàn bá ti tú u síta, ó ti bọ́ ìdajì agbára rẹ̀. Nígbà tó dé orí àwọn orúkọ gígùn tí wọ́n ń fún àwọn aeon, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní òun náà lè dá tòun sílẹ̀: agbára kan wà tóun ń pè ní Akèrègbè, òmíràn sì wà pẹ̀lú rẹ̀ tó ń jẹ́ Òfìfo. Akèrègbè àti Òfìfo wá bí èso kan tó ṣeé jẹ, tó sì dùn, orúkọ rẹ̀ ni Kùkúńbà. Pẹ̀lú Kùkúńbà ni agbára kan tún wà tó ń jẹ́ Bàrà. Ta ló máa ní irọ́ ni?

Àfiwé rẹ̀ tó lókìkí jù ni ti ọba àti kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. Ó ní kẹ́ ẹ rò ó pé oníṣẹ́-ọnà kan fi òkúta iyebíye wẹ́wẹ́ to àwòrán ọba tó rẹwà. Ẹnì kan wá, ó tú àwọn òkúta náà ká, ó sì tún wọn tò di kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, èyí tí kò tiẹ̀ dára tó kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. Ó wá ń sọ fáwọn tí kò rí ọba rí pé, "Ẹ ò rí i? Òkúta kan náà ni. Ọba nìyí." Lójú Irenaeus, ohun tí wọ́n ń fi Ìwé Mímọ́ ṣe nìyẹn: ẹsẹ ibẹ̀ ni wọ́n ń lò lóòótọ́, àmọ́ àwòrán tí wọ́n fi tò kọ́ ni tòótọ́.

Báwo wá ni èèyàn ṣe máa mọ ojú ọba? Ìdáhùn rẹ̀ sí èyí ló tún ìjọ ṣe. Ó ní òdiwọ̀n òtítọ́ kan wà tí gbogbo ẹni tó ṣe ìrìbọmi ti gbà: Ọlọ́run kan ṣoṣo, Baba Olódùmarè, tó dá ọ̀run, ayé, òkun àti ohun gbogbo tó wà nínú wọn, Kristi Jésù kan, Ọmọ Ọlọ́run, tó di ẹran ara, àti Ẹ̀mí Mímọ́. Ó ní àwọn ẹ̀yà kan wà tí kò mọ̀wé rárá, tí wọ́n sì di èyí mú láìsí bébà àti tàdáwà.

Ó tún ní, tó bá jẹ́ pé àwọn àpọ́sítélì ní ẹ̀kọ́ awo kan, ta ni wọn ì bá sọ ọ́ fún bí kò ṣe àwọn tí wọ́n fa ìjọ lé lọ́wọ́? Ó wá ka orúkọ àwọn bíṣọ́ọ̀bù Róòmù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti orí Linus dé Eleutherus, méjìlá. Kò sẹ́ni tó gbọ́ nípa Akèrègbè lẹ́nu ìkankan nínú wọn.

Ní ti ìwé, ó ní Ìhìnrere mẹ́rin ni, kò lè dín, kò lè lé, torí pé igun ayé mẹ́rin ló wà, afẹ́fẹ́ ńlá mẹ́rin ló sì wà. Àlàyé afẹ́fẹ́ yìí lè má tẹ́ gbogbo èèyàn lọ́rùn lónìí, àmọ́ ẹ fiyè sí ọdún tó sọ ọ́. Ní ti ara, ó mú búrẹ́dì àti wáìnì orí tábìlì Olúwa dání: látinú ilẹ̀ ni wọ́n ti hù. Tí ẹran ara ò bá ní ìgbàlà, kí ni a wá ń jẹ, kí ni a ń mu?

Ṣé Constantine ló wá yọ ìwé wọn?

Láàárín ìwé Irenaeus àti ìpàdé Nicaea ní 325, ọdún 145 ló wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ Arius, ẹni tó ní Ọmọ kì í ṣe ọgbọọgba pẹ̀lú Baba, ló gbé wọn lọ sí Nicaea. Wọ́n sọ̀rọ̀ ọjọ́ ọdún Àjíǹde, wọ́n ṣe òfin 20 fún ìṣàkóso ìjọ. Kò sí àtòkọ ìwé Bíbélì nínú ohun tí wọ́n fẹnu kò lé. Lẹ́tà ọdún Àjíǹde tí Athanasius, bíṣọ́ọ̀bù Alexandria, kọ ní 367 ni ibi àkọ́kọ́ tá a ti rí ìwé 27 Májẹ̀mú Tuntun gẹ́lẹ́ bó ṣe wà lọ́wọ́ wa, láìfi kún un, láìyọ nínú rẹ̀. Ìhìnrere Júdásì ò sí nínú àkójọ ìjọ tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó yọ ọ́. Irenaeus ti dárúkọ ìwé kan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní 180, irọ́ tí wọ́n hun ló pè é.

Ìwé Énọ́kù ò bá wọn tan. Ìwé àwọn Júù ni, ó ti wà ṣáájú Kristi, ìjọ Orthodox ti Ẹtiópíà sì ń kà á mọ́ Bíbélì títí dòní. Tobit àti Maccabees náà yàtọ̀: wọ́n wà nínú Bíbélì Kátólíìkì tó ní ìwé 73, wọn ò sí nínú èyí tó ní 66.

Ibi tí fídíò náà ti fẹ́ sún mọ́ òótọ́ ni ohun tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí ọba ti di Kristẹni, pàápàá lẹ́yìn òfin Ọba Theodosius ní 380, àdámọ̀ ò jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu lásán mọ́. Wọ́n gba ilé ìjọsìn lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n kà sí aládàámọ̀, wọ́n sì sun ìwé. Àmọ́ ìjọ ti sọ ìdí tí kò fi gba ẹ̀kọ́ yẹn tipẹ́ kó tó ní agbára láti fìyà jẹ ẹnikẹ́ni.

Ibo ni wọ́n ti wá rí àwọn ìwé náà?

Fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, ẹnu ọ̀tá nìkan la ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn Gnostic. Ní 1896, wọ́n ra ìwé kan ní Káírò tí Ìhìnrere Màríà wà nínú rẹ̀. Ní òpin 1945 ni ti Nag Hammadi wá ṣẹlẹ̀, ní apá òkè Íjíbítì. Gẹ́gẹ́ bí Muhammad Ali al-Samman, àgbẹ̀ tó rí wọn, ṣe rò ó lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ó ń wa ilẹ̀ ọlọ́ràá lẹ́bàá òkè Jabal al-Tarif ni ó bá ìkòkò amọ̀ kan pàdé. Ẹ̀rù bà á kí àlùjọ̀nnú má lọ wà nínú rẹ̀. Ó tún rò ó pé wúrà lè wà níbẹ̀, ló bá fọ́ ọ. Ìwé tí wọ́n fi awọ dì ló bá nínú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ fi díẹ̀ nínú ewé rẹ̀ dáná. Àwọn onímọ̀ kan ti ṣàtakò sí bó ṣe ròyìn rẹ̀, torí ìtàn náà ń yí padà láti ẹnu dé ẹnu. Àwọn ìwé náà ni kò sí àtakò lórí wọn: ìdìpọ̀ 13, àkọsílẹ̀ 52, lórí òrépèté, lédè Kọ́ótìkì tí wọ́n túmọ̀ láti Gíríìkì. Bébà àlòkù tí wọ́n fi ki inú èèpo wọn ní ọjọ́ lára, tó dé ọdún 348.

Ìhìnrere Tọ́másì wà nínú wọn, ọ̀rọ̀ Jésù 114, láìsí ìtàn ikú àti àjíǹde. Àríyànjiyàn wà bóyá ti Gnostic ni tàbí kì í ṣe tiwọn. Àwọn tó ń pín in kiri pé ìwé yìí gbé obìnrin ga kì í sábà ka dé ọ̀rọ̀ 114, níbi tí Pétérù ti ní kí Màríà jáde láàárín wọn, tí Jésù sì fèsì pé Òun máa sọ ọ́ di ọkùnrin. Ìhìnrere Júdásì ò sí ní Nag Hammadi. Ibòmíràn ní Íjíbítì ló ti jáde, ọdún 2006 ni wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ síta. Àwọn tó kọ́kọ́ túmọ̀ rẹ̀ sọ Júdásì di akọni. Láàárín ọdún kan, àwọn míì ti ní ẹ tún un kà, ẹ̀mí èṣù ni ìwé náà pè é.

Kí ni àwọn onímọ̀ ń bá ara wọn fà?

Ohun àkọ́kọ́ ni bóyá Irenaeus sọ òótọ́ nípa wọn. Ibi kan wà nínú ìwé rẹ̀ tó bá Ìwé Àṣírí Jòhánù tí wọ́n wú jáde mu dáadáa, ẹ̀rí sì nìyẹn pé ó ka ìwé wọn tàbí ohun tó sún mọ́ ọn. Àmọ́ ẹ̀sùn ìṣekúṣe tó fi kan àwọn kan lára wọn kò rí ẹsẹ̀ dúró sí nínú ìwé Nag Hammadi. Ìkóra-ẹni-níjàánu àti ààwẹ̀ ló pọ̀ níbẹ̀.

Ní 1934, Walter Bauer ará Jámánì sọ pé ní àwọn ìlú kan, ẹ̀kọ́ tí wọ́n wá pè ní àdámọ̀ ló kọ́kọ́ débẹ̀, pé ipá ìjọ Róòmù ló jẹ́ kí ìhà kejì borí. Elaine Pagels, ní 1979, fi kún un pé ọ̀rọ̀ agbára wà nínú rẹ̀: ẹni tó gba Ọlọ́run kan á gba bíṣọ́ọ̀bù kan, nígbà tí àwọn kan lára àwọn Gnostic fi àyè gba obìnrin láti kọ́ni. Tertullian fúnra rẹ̀ bínú sí àwọn obìnrin aládàámọ̀ tó láyà láti máa kọ́ni, tí wọ́n tún ń ṣe ìrìbọmi. Àwọn tó tako ìhà yìí ní Ìhìnrere mẹ́rin ti inú Bíbélì ló dàgbà jù, pé kí ọgọ́rùn-ún ọdún kìíní tó parí ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé wọ́n ti kọ wọ́n, Ìhìnrere Júdásì sì jẹ́ ti ọgọ́rùn-ún ọdún kejì. Pé ẹ̀rí Bauer fún ìlú mélòó kan ò kún ọwọ́. Michael Williams ní 1996 tún dá tiẹ̀ sílẹ̀: ó ní ká pa orúkọ Gnosticism tì, torí àwọn tá a kó sábẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ọmọ ìyá. Clement ti Alexandria, tó wà ní ìhà ìjọ, sì ń pe Kristẹni tó dàgbà nínú ìgbàgbọ́ ní Gnostic tòótọ́. Kò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ tó dára sílẹ̀ fáwọn wọ̀nyẹn.

Kí ló kan ẹni tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì lónìí?

Àwọn tó ń ka Ìgbàgbọ́ àwọn Àpọ́sítélì ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà, Kátólíìkì tàbí Mẹ́tọ́díìsì mọ̀ ọ́n lórí. Bó ṣe wà yìí pẹ́ lẹ́yìn Irenaeus, àmọ́ inú ohun tí wọ́n ń bi ẹni tó fẹ́ ṣe ìrìbọmi ní Róòmù ni gbòǹgbò rẹ̀ wà. "Ẹlẹ́dàá ọ̀run òun ayé": ẹni tó gbé ìyẹn lẹ́nu ò lè sọ pé Yaldabaoth ló mọ ọ́n. Orúkọ Pọ́ńtíù Pílátù, gómìnà kèfèrí, ló wà níbẹ̀ kí ìyà náà lè ní ọjọ́ àti ìlú. "Àjíǹde ara" ni wọ́n kọ, wọn ò kọ "àjíǹde ẹ̀mí".

Kò sí ìjọ ńlá kan, yálà Kátólíìkì, Orthodox, Áńgílíkà tàbí Pẹ́ńtíkọ́sì, tó ka ìwé Nag Hammadi sí Ìwé Mímọ́. Kò sì sí ẹni tó fi wọ́n pamọ́. Inú Mùsíọ́ọ̀mù Kọ́ótìkì ní Káírò ni wọ́n wà, ìtumọ̀ wọn lódindi lédè Gẹ̀ẹ́sì ti jáde láti 1977, wọ́n sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ìwé Irenaeus gan-an ni ẹ ò lè rí kà bó ṣe kọ ọ́. Gíríìkì rẹ̀ ti sọnù, àjákù ló kù. Èdè Látìnì ni wọ́n ti rí i lódindi, apá kan sì wà lédè Àméníà. Tàwọn Gnostic náà, Gíríìkì wọn ti lọ, àyàfi àjákù díẹ̀, Kọ́ótìkì ló kù.